Ọ̀rọ̀ Òfin fún Ẹni Tí Kò Dé Kóòtù Rí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Òfin Nàìjíríà là ń sọ níbí, pàápàá bí wọ́n ṣe ń lò ó nílẹ̀ Yorùbá. Òfin ìpínlẹ̀ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì. Èyí tó bá jẹ́ ti Èkó nìkan, a ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹ gbé ìwé yín lọ bá lọ́yà, ẹ má gbé ojú ìwé yìí lọ.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹjọ́ ọ̀daràn àti ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn?

Olè jíjà, ìpànìyàn, jìbìtì, kí wọ́n lu ènìyàn ní àlùbami: òfin ka ìwọ̀nyí sí ẹ̀ṣẹ̀ sí gbogbo ìlú, kì í ṣe sí ẹni tí wọ́n ṣe é sí nìkan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìjọba ló ń pe ẹjọ́ náà, tí ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn sì sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá tiẹ̀ ní òun ti dárí jì í, ìjọba ṣì lè máa bá ẹjọ́ tirẹ̀ lọ.

Èkejì ni ẹjọ́ láàrin ara wa: gbèsè, ilẹ̀, owó ilé, ogún, ìkọ̀sílẹ̀, àdéhùn tí ẹnì kan yẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń pe èyí fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tàbí owó gbà-má-bínú ló ń wá. Ẹnikẹ́ni kì í tibẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, àfi tó bá kọ etí ikún sí àṣẹ kóòtù.

Ẹ mọ èyí ná kí ẹ tó mọ ohunkóhun. Púpọ̀ nínú wàhálà tí à ń gbọ́ ló bẹ̀rẹ̀ látorí pé ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ gbèsè lọ sí tẹ́ṣàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà sì lè bí ẹjọ́ méjèèjì: awakọ̀ tó fi ìwàkuwà gbá ènìyàn lè jẹ́jọ́ ọ̀daràn lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹni tó gbá tún pè é fún owó ìtọ́jú.

Ta ni olùpẹjọ́, ta ni olùjẹ́jọ́?

Olùpẹjọ́ ló gbé ẹjọ́ wá. Olùjẹ́jọ́ ni ẹni tí wọ́n pè. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ni olùpẹjọ́, ẹni tí wọ́n jà lólè kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Pé ènìyàn ń jẹ́jọ́ kò sọ pé ó jẹ̀bi. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Abala yẹn náà ló ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan kò gbọdọ̀ máa mi orí sí Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e.

Kóòtù wo ló ń gbọ́ ẹjọ́ wo?

Kóòtù ìbílẹ̀ ló sún mọ́ aráàlú jùlọ. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ogún àti aáwọ̀ kéékèèké ló ń gbọ́. Ará Ìbàdàn mọ ti Mápó dáadáa. Kóòtù Májísíréètì ni ọlọ́pàá sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ènìyàn lọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn, ẹjọ́ ilẹ̀ ńláńlá, àti ìkọ̀sílẹ̀ àwọn tó ṣègbéyàwó ní réjísìrì. Ọ̀rọ̀ owó orí ìjọba àpapọ̀ àti ti oògùn olóró ń lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Aáwọ̀ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kóòtù tirẹ̀ lọ́tọ̀, National Industrial Court.

Ẹni tí ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga kò bá tẹ́ lọ́rùn á lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lẹ́yìn náà Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ọlọ́pàá mú mi. Kí ni ẹ̀tọ́ mi?

Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sílẹ̀ fún yín láàrin wákàtí 24, ní èdè tó yé yín. Ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá wù yín sọ̀rọ̀. Bí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì yín mọ́, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín dé iwájú adájọ́. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Abala 35 ni gbogbo èyí wà. Bí nǹkan ṣe ń lọ ní tẹ́ṣàn lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ abala tó ń tọ́ka sí kì í jọ ẹni tó kàn ń bẹ̀bẹ̀.

Ìwé tí wọ́n máa ní kí ẹ kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní sítétímẹ́ǹtì, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí ọlọ́pàá bá bá yín kọ ọ́, ẹ ní kó kà á sí yín létí kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sọ pé «mo gba owó náà fún iṣẹ́ tí mo ti ṣe», tó wá kọ «mo gba owó náà», ẹ ní kó tún un kọ. Títún un kọ lójú ẹsẹ̀ kò gba nǹkan kan. Bó bá di ọdún méjì, nínú kóòtù, ogun ni.

Èló ni béèlì?

Ọ̀fẹ́ ni. Béèlì ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn máa tilé wá jẹ́jọ́, lórí ìlérí pé kò ní sá. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ̀pọ̀ tẹ́ṣàn pé béèlì kì í ṣe owó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn náà ni wọ́n sì ti máa ń dá iye lé e.

Onídùúró ni ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé pé òun á mú olùjẹ́jọ́ wá. Bí adájọ́ bá fún ènìyàn ní béèlì ₦500,000 pẹ̀lú onídùúró méjì, kì í ṣe pé kí ẹ lọ kó ₦500,000 wá. Iye tí onídùúró lè pàdánù nìyẹn bí ẹni tó dúró fún bá na pápá bora. Nítorí náà, ẹ má dúró fún ẹni tí ẹ kò mọ ilé ìyá rẹ̀.

Obìnrin lè ṣe onídùúró. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ọdún 2015, sọ ọ́ kedere. «Ẹ lọ pe ọkùnrin wá» kò sí nínú òfin kankan.

Wọ́n wá ọmọ, wọn ò bá a nílé, wọ́n wá mú ìyá rẹ̀. Ṣé ó tọ́?

Kò tọ́ rárá. ACJA ṣe é léèwọ̀, òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 náà ṣe é léèwọ̀, ti Èkó náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kí wọ́n mú.

Ẹnì kan jẹ mí lówó. Ṣé kí n kó ọlọ́pàá lọ bá a?

Gbèsè kì í ṣe ọ̀daràn, ọlọ́pàá kì í sì í ṣe agbowó. ACJA sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Ẹni tí wọ́n bá fi ọlọ́pàá mú lórí gbèsè lè yí i padà kó pe ẹ̀yin àti ọlọ́pàá lẹ́jọ́, kóòtù sì ti ní kí àwọn ayánilówó san owó gbà-má-bínú fún ajigbèsè rí. Owó yín á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin á tún máa san kún un.

L'Ékòó, kóòtù fún gbèsè kéékèèké wà láti ọdún 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó náà. Bí kò bá san, ẹ ó gba fọ́ọ̀mù ní kóòtù Májísíréètì. Kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé kí ẹjọ́ náà parí láàrin 60 ọjọ́. Ẹ kó ẹ̀rí bí ẹ ṣe san owó náà sí àkáǹtì rẹ̀ dání.

Ibi méjì ni gbèsè ti ń di ọ̀daràn. Bó bá ti jẹ́ irọ́ ló fi gba owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, jìbìtì ni. Bó bá sì kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún yín tí kò sí owó nínú àkáǹtì, òfin ọdún 1977 lè fi í sẹ́wọ̀n ọdún méjì, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá gbé ṣẹ́ẹ̀kì náà dé báńkì láàrin oṣù mẹ́ta.

Ṣé àdéhùn ẹnu ní agbára?

Ó ní. Bí télọ̀ bá ní òun á rán aṣọ fún ₦30,000, tí ẹ gbà, àdéhùn ti wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bó bá sẹ́, kí lẹ ó fi hàn? Títà ilẹ̀ tàbí ilé ni ẹ kò gbọdọ̀ fi sórí ètè. Òfin fẹ́ kó wà nínú ìwé.

Kí ni afidáfíìtì tí wọ́n máa ń ní ká lọ ṣe ní kóòtù?

Ìwé ìbúra ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀, bóyá ọjọ́ orí, orúkọ tí ẹ yí padà, tàbí síìmù tó sọnù, ẹ sì búra níwájú òṣìṣẹ́ tí òfin yàn fún un, lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé-ẹjọ́ gíga. Àwọn tó ń ta á lẹ́nu géètì kóòtù máa ń bá ènìyàn búra láìrí i rárá. Ẹ ṣọ́ra. Irọ́ nínú ìbúra níbi ẹjọ́ lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nínú ìwé òfin ọ̀daràn, orúkọ yín ló sì wà lórí ìwé náà, kì í ṣe ti ẹni tó tà á.

Irú ẹ̀rí wo ni kóòtù ń gbà?

Ohun tí ẹlẹ́rìí fojú ara rẹ̀ rí, tó fetí ara rẹ̀ gbọ́, àti ìwé. «Àǹtí mi ló sọ fún mi pé òun rí i» kò wọlé. Àǹtí náà ni kó wá.

WhatsApp ńkọ́? Ó wọlé, abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gbà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìwé kan tó jẹ́rìí sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù nítorí pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ìwọ̀n ẹ̀rí kò dọ́gba. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba gbọ́dọ̀ fi í hàn débi pé iyèméjì tó lọ́gbọ́n nínú kò ní sí mọ́. Nínú ẹjọ́ láàrin ara wa, ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n ju ti èkejì, bó ṣe díẹ̀, ló jàre.

Mi ò lówó lọ́yà.

Legal Aid Council wà láti ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. L'Ékòó, Office of the Public Defender ń gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́. Citizens' Mediation Centre ìjọba Èkó kan náà sì ń parí ìjà láìgba kọ́bọ̀: onílé àti ayálégbé, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, àwọn tọkọtaya tó ti ya. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ṣì máa rí lójoojúmọ́ ni, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Onílé ní kí n kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó dá lórí bí ẹ ṣe ń sanwó. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé Èkó ti ọdún 2011, bí kò bá sí àdéhùn míì láàrin yín, ẹni tó ń san lóṣooṣù á gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún á gba ti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, pé onílé fẹ́ lọ sí kóòtù. Ìwé ọlọ́jọ́ méje yìí ló ń dẹ́rù ba ènìyàn: kì í ṣe pé kí ẹ jáde lọ́jọ́ kẹjọ, kóòtù nìkan ló lè lé yín. Ká yọ òrùlé, ká yọ ilẹ̀kùn, ká gé iná, ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin ni. Òfin ọdún 2011 yìí yọ Ikoyi, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀.

Bí ẹ bá sì jẹ owó ilé, ẹ san án. Òfin yìí kò sọ ayálégbé di onílé.

Mo ní risíìtì ilẹ̀. Ṣé ilẹ̀ ti di tèmi?

Risíìtì fi hàn pé ẹ sanwó. Kò fi hàn pé ẹni tó gbà á ló ni ilẹ̀. Ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ ẹbí. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá dá ta á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn àgbà ojúlé yòókù ṣe, ó dúró, àmọ́ wọ́n lè pe ẹjọ́ kí kóòtù tú u ká. Nítorí náà, ẹ rí i pé olórí ẹbí àti aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ ìwé, kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó ń fi ọ̀kadà káàkiri.

Láti ọdún 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìdí nìyẹn tí ìwé C of O, ìwé ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, fi ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, tí ẹni tó bá sì fẹ́ ta ilẹ̀ tó ní C of O gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Síbẹ̀, C of O kì í ṣe idán: bí ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an bá fara hàn, kóòtù lè fagi lé e. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, lílò ó bí olówó rẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ìtàn bàbá ńlá ṣì ń jàre ní kóòtù, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé nọ́ńbà ìwé ìwọn-ilẹ̀ (survey) náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwọn-ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀.

Bàbá wa kú láìkọ ìwé ìhágún. Báwo ni ogún ṣe máa pín?

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ló ṣe, àṣà ló ń pín in. Ọ̀nà méjì ló wà. Ìdí-igi ń ka ìyàwó tó bímọ. Orí-ò-jorí ń ka ọmọ. Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà máa ń tọ́ka sí ni ti Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Privy Council ní London, kóòtù ìkẹyìn fún ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962, wọ́n sì ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Nípa ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí á gba odidi ìpín kan, ọmọ márùn-ún tí ìyá míì bí á pín ìpín kan láàrin ara wọn. Ẹnu olórí ẹbí tó mọ inú rò ṣe pàtàkì níbí.

Ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. Ẹni tó bá ní obìnrin kì í jogún nílẹ̀ Yorùbá ń parọ́ mọ́ àṣà. Ọmọ tí bàbá bí síta náà ní ìpín. Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyàwó ni àṣà kò kà mọ́ ajogún. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti ń rí nǹkan. Lójú tèmi, ìyà ńlá ni èyí fún obìnrin tó bá ọkọ kọ́ ilé náà. Bó bá jẹ́ réjísìrì ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, òfin fún un ní ìpín tirẹ̀.

Owó tó wà ní báńkì kò ní tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga.

Mo fẹ́ kọ ìwé ìhágún. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má lo ẹni tí ẹ fún ní nǹkan nínú rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀: ìwé á dúró, ẹ̀bùn onítọ̀hún á bọ́. Ẹ kò sì lè fi ilẹ̀ ẹbí há gún. Kì í ṣe tiyín nìkan.

Ṣé kóòtù ìbílẹ̀ lè tú ìgbéyàwó mi ká?

Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, ó lè ṣe é. Ti réjísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ni. Ó tún ku: láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí ẹ tó lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Bí ẹni tó ṣe ti réjísìrì bá tún gbé ìyàwó míì, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin, ọdún méje ni ìwé sì kọ sí i. Àwa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ pé wọ́n fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kejì máa ń mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ ogún.

Ẹni tí èmi àti rẹ̀ ń jà ti gba àṣẹ kóòtù láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Ṣé wọn ò yan mí jẹ ni?

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá jẹ́ kíákíá, bóyá katakata fẹ́ wó ilé lọ́la, adájọ́ lè fún ẹnì kan láṣẹ ìdádúró fún ọjọ́ díẹ̀, kó tó gbọ́ tẹnu èkejì. Kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ gba lọ́yà kíá, kó ní kí wọ́n fagi lé e. Ẹ má rú àṣẹ náà ṣá, bó tilẹ̀ ń dùn yín. Ibẹ̀ ni aláre ti ń di ará ẹ̀wọ̀n.

Wọ́n ní kóòtù dá a sílẹ̀. Ṣé wọ́n tún lè pè é?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kàn dá a sílẹ̀, bóyá nítorí pé ìjọba kò rí ẹlẹ́rìí kó wá, wọ́n lè tún gbé ẹ̀sùn náà padà. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀ tí wọ́n sì dá a láre, ó ti parí. Abala 36 kò gbà kí wọ́n tún un dá, àfi tí kóòtù tó ga jù ú lọ bá pàṣẹ. Kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà lè dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró kí ìdájọ́ tó wáyé, láìsọ ìdí fún adájọ́. Irú ìyẹn kò dá ènìyàn láre. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà èwo gan-an ni adájọ́ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó se ìrẹsì.

Ṣé mo lè pe ẹjọ́ ohun tó ti pẹ́?

L'Ékòó, ọdún mẹ́fà ni fún gbèsè àti àdéhùn, ọdún 12 fún ilẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lè jàre lójú gbogbo ayé kí kóòtù má lè gbọ́ yín. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ pè lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í sábà ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pànìyàn ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì lè jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì ti rí ẹlẹ́rìí tuntun. Ṣé kí n mú un lọ sí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Kò rọrùn. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń wò ó bóyá adájọ́ ibẹ̀ ṣi òfin lò tàbí ó gbójú fo ẹ̀rí. Ẹ̀rí tuntun fẹ́ ìyọ̀ǹda pàtàkì, ẹ ó sì ní láti fi hàn pé kò sí bí ẹ ṣe lè rí i nígbà yẹn, bó ti wù kí ẹ wá a tó. «Ẹlẹ́rìí mi wà nírìn-àjò» kì í sábà tó.

Àkókò ibẹ̀ náà kéré. Oṣù mẹ́ta ni fún ìdájọ́ ìkẹyìn nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, 90 ọjọ́ fún ti ọ̀daràn, ọjọ́ 14 fún àṣẹ tí adájọ́ pa kí ẹjọ́ tó parí. Pé ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò sì dá ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ ìdádúró rẹ̀ lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè wá kó ẹrù yín nígbà tí ìwé yín ṣì wà lórí tábìlì akọ̀wé kóòtù.